Bẹ́ǹṣì Mùnírù

Láyé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìbò yẹn, bí o bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ìjọba ní Ògbómọ̀ṣọ́, má wulẹ̀ lọ sí kóòtù, ìsọ̀ Mùnírù káfíńtà lẹ́bàá Ọjà Igbó ni kó o lọ. Òun ló ń kan bọ́dì onípákó lé ọkọ̀ tí òyìnbó kó wá tòun ti ẹ́ńjìnnì àti táyà lásán. Bó bá gbá ìṣó kan wọlé, á bú ìjọba kan. Ó ní ẹnu ni wọ́n fi ń sọ pé kí ọmọ onílẹ̀ máa ṣe nǹkan tirẹ̀, bọ́ọ̀sì onírin tí òyìnbó ti kàn tán lojú wọn ń wá. Ó ní ìlú tó ń fi owó kòkó ra ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe, ìyà ló ń fowó ara rẹ̀ rà.

Lọ́dún kan, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní yẹ̀yẹ́. Alájì Kareem, ọlọ́kọ̀ ará Ọ̀yọ́ tó máa ń gbéṣẹ́ fún un, fẹ́ lọ ra bọ́ọ̀sì onírin mẹ́ta. Mùnírù bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbé ọkọ̀ kan fún un láti kàn. Alájì ní bí òun bá gùn ún dé Ọ̀yọ́ tó tẹ́ òun lọ́rùn, òun á gbé ìyókù fún un. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Mùnírù á padà sídìí kíkan ilẹ̀kùn àti àpótí, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ á sì túká.

Mùnírù fi gbogbo ara ṣe é. Ìrókò gidi ló lò. Nígbà tó kan bẹ́ǹṣì, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó bó ti máa ń ṣe, ó fẹ̀yìn ti pákó, ó wo ibi tí orúnkún òun dé. Sìkírátù ìyàwó rẹ̀, tó pọn ọmọ wọn gbé oúnjẹ wá, ní kí wọ́n fa bẹ́ǹṣì síwájú díẹ̀ nítorí àwọn ọlọ́mọ. Mùnírù fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí lèèyàn fi ń jókòó, kì í ṣe ẹ̀yìn. Sìkírátù palẹ̀ abọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà jáde, Alájì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Mùnírù wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin tó ń kẹ́rù lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Wọn ò tíì rìn jìnnà kọjá Odò Ọbà tó fi rí ohun tó ṣe. Bí ìyá ọlọ́mọ bá fẹ̀yìn ti pákó, ọmọ á há. Bó bá sún síwájú, ìdí rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ sí lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ni wọ́n bá ń tú ọmọ sórí itan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrù lẹ́sẹ̀, ọmọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Sìkírátù, tó ń lọ kí ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, kò tú tirẹ̀. Ó dìde, ó di òpó mú.

Mùnírù ní kó jókòó.

"Níbo?" Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́.

Mùnírù dìde, ó fún un ní àyè tirẹ̀, àmọ́ pákó kan náà ló wà lẹ́yìn ibẹ̀. Orí ìdúró ni Sìkírátù wà títí wọ́n fi wọ Ọ̀yọ́. Ojú ti Mùnírù débi pé kò lè wo ọmọ náà.

Ní Akẹ̀sán, Alájì bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀rín ń bẹ lójú rẹ̀. Ó ní bọ́dì náà kò dún rárá, kí Mùnírù kàn sọ fóun lójú gbogbo èèyàn ohun tó fi sàn ju onírin lọ. Mùnírù ì bá dárúkọ ìrókò rẹ̀, kó sì gbaṣẹ́. Àwọn obìnrin yẹn ò ní sọ nǹkan kan, ìnira ọkọ̀ ti mọ́ wọn lára.

"Alájì, kò tíì sàn jù ú lọ," ó ní. "Ara mi ni mo fi wọn bẹ́ǹṣì, èmi ò sì pọnmọ rí."

Alájì wo ọkọ̀ náà. Ó ní òyìnbó tó ń tajà fóun ò sọ àbùkù kankan fóun.

"Bí tòyìnbó bá ń há ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ta lẹ ó lọ bá?" Mùnírù bi í.

Alájì yí padà. Sìkírátù tó ṣì pọnmọ ló kọjú sí, ó bi í bó ṣe yẹ kí bẹ́ǹṣì rí. Sìkírátù na àtàǹpàkò àti ìka àárín sórí pákó.

"Ẹ fà á síwájú tó báyìí. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀."

Alájì rẹ́rìn-ín. Ó ní afọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ṣọgbọ́n kì í tẹ́ bọ̀rọ̀, iṣẹ́ ti di ti Mùnírù, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ ni kó máa wọn bẹ́ǹṣì.

Mùnírù ò ṣíwọ́ ìjọba bíbú. Ní ìdí ọkọ̀ kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀: ó ní àwọn tó ń jókòó síwájú ló ń ṣòfin, wọn kì í bi ẹni tó wà lẹ́yìn léèrè. Ó gbójú sókè. Sìkírátù wà lórí bẹ́ǹṣì tuntun, ó fẹ̀yìn ti pákó, ọmọ ti sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń wo ọkọ rẹ̀.

Mùnírù mú ìṣó mìíràn, kò parí ọ̀rọ̀ náà.