Obìnrin Tó Ń Jọ̀ Ẹfun

Ẹfun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri gbọ̀ngán kò tíì gbẹ nígbà tí Gushnasp kó àwọn àlejò wọlé. Ìjòyè ni, òun ló ni ilẹ̀ etí odò Tígírísì lápá ibẹ̀. Ó dúró níwájú àgbò kan tí Mihrag, oníṣẹ́ ọnà rẹ̀, fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára ẹfun náà, tí ìwo rẹ̀ yọ síta, tí ọ̀já ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ mà dáa o," ó wí fún Mihrag. Ó wẹ̀yìn. "Ìyá wo nìyẹn?"

Denag ni ìyá tó ń bi í nípa rẹ̀, tó jókòó ti ajọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹfun bò látorí dẹ́sẹ̀. Òun ló bí Mihrag. Òun náà ló ń jọ̀ ẹfun fún un látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Mihrag wo aṣọ ṣẹ́dà ọrùn àwọn àlejò. "Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe ni, olúwa mi."

Denag gbọ́. Kò gbójú sókè. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, ó sì ń jọ̀ ẹfun rẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé búrẹ́dì àti wàrà kíkan síwájú ọmọ rẹ̀. "Ẹ jẹun, ọ̀gá."

"Ìyá mi, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Kí ni mo ṣe? Ṣé alágbàṣe ń bá ọ̀gá rẹ̀ jẹun ni?" Ó gbé tirẹ̀, ó lọ jẹ ẹ́ nídìí ààrò.

Mihrag dá búrẹ́dì tirẹ̀ jẹ. Níbi iṣẹ́ pàápàá, "ẹ" ni ìyá rẹ̀ ń fi pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá wọn ò rín mọ́, ìyẹn ló dùn ún jù.

Lọ́jọ́ tí Gushnasp padà wá, Mihrag sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó tẹrí ba. "Olúwa mi, irọ́ ni mo pa fún yín. Ìyá tó bí mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Imú kan náà lẹ jọ ní." Gushnasp kọjá lọ wo ògiri kejì.

Ojú ti Mihrag bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ nínú ẹfun.

"Ẹ dìde, ọ̀gá," ni Denag wí. "Ẹfun tí ẹ pò ti ń dì."

Òótọ́ ni. Ó dìde, ó padà sídìí iṣẹ́, omijé ò sì jẹ́ kó ríran dáadáa.

Ìgbà tí òtútù dé, ní àárọ̀ kan tí Denag ń dá iná, tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, ó ní, "Wá bora, òtútù á mú ọ."

Mihrag bora. Ó jókòó tì í nídìí iná.