Ẹ̀wù Ogójì Àjákù

Ilé Zuura kéré débi pé bí èèyàn bá sín nínú yàrá, ẹni tó ń po tíì ní ilé ìdáná ló máa kí i ní pẹ̀lẹ́. Yàrá méjì péré ni, lókè pátápátá nínú ilé alágbèékà kan ní ìlú Naryn, níbi tí òtútù kì í ti í tètè lọ. Inú yàrá méjì yìí náà ni Burulcha, ìyá ọkọ rẹ̀, kó àpò àjákù aṣọ rẹ̀ sí. Ó fi òmíràn kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti òmíràn bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì to ìyókù sórí kọ́bọ́ọ̀dù títí wọ́n fi kan òkè àjà. Kò sí ibi tí Zuura yíjú sí tí àpò kò wò ó padà.

Kì í ṣe àjákù lásán. Bí àgbàlagbà bá kú láàárín àwọn èèyàn wọn, wọ́n á fa aṣọ rẹ̀ ya, wọ́n á pín in fún àwọn obìnrin tó wá ṣọ̀fọ̀, kí ẹ̀mí gígùn ẹni tó lọ lè ran ẹni tó kù. Ọgbọ̀n ọdún ni Burulcha ti ń kó tirẹ̀ jọ. Bí ọmọ tuntun bá sì pé ogójì ọjọ́, ogójì irú àjákù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán pọ̀ di ẹ̀wù fún un. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ Zuura lára kí Kunduz, ọmọ ọwọ́ rẹ̀, tó dé. Ẹ̀wù yìí ló gbójú lé, ó fẹ́ kí ọmọ yìí dúró, kó sì pẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Burulcha lọ kí àbúrò rẹ̀ ní At-Bashy. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá Zuura fi àkéte onígi tí wọ́n ń mì fún ọmọ ránṣẹ́, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbé e sí. Zuura wo àkéte, ó wo àpò, ó káwọ́ lérí. Ó ti lé lóṣù kan tí kò tíì fi ojú kan oorun wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀.

Ó tú gbogbo àpò dà sílẹ̀. Ó ṣa àjákù ní àwọ̀ ní àwọ̀ sínú páálí bàtà: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, aláró lọ́tọ̀, olódòdó lọ́tọ̀. Ó da bọ́tìnnì sínú ìgò, ó kan ìṣó mọ́ pátákó, ó fi òwú kọ́ ọ. Ó fọ àwọn àpò òfìfo, ó sá wọn. Lẹ́yìn náà ló ṣa ogójì tó rẹwà jù, ó sì rán ẹ̀wù náà láàárín igbe ọmọ àti ọmú fífún. Nígbà tó parí ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yìn ń ro ó bíi ti arúgbó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Àkéte ti rí àyè.

Ọ̀sán ni Burulcha dé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ilé wa dà?"

"Òun nìyí, Màmá. Ẹ wọlé, àyè ìjókòó ti wà báyìí."

"Mo rí i. Ó ti di ṣọ́ọ̀bù." Burulcha na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò kan nǹkan kan. "Àwọn èèyàn mi ńkọ́?"

"Èèyàn wo?"

"Àwọn tó wà nínú àpò."

Ojú Burulcha ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mẹ́rin. Kò fi àwọ̀ mọ àjákù rẹ̀ mọ́, kókó tó so sẹ́nu àpò ló fi ń mọ̀ wọ́n. Oníkókó mẹ́ta ni ìyá tó bí i, tó lo ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Oníkókó kan gbọọrọ ni aládùúgbò wọn tó rí ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Zuura sì ti tú gbogbo kókó.

"Ẹ ò sọ fún mi, Màmá."

"Ìwọ náà ò bi mí."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mi ò sùn."

"Mo mọ̀. Ojú ẹ pọ́n bíi ti ẹni tó gé àlùbọ́sà ọdún kan."

Zuura mú ẹ̀wù náà wá. "Àgbà náà ṣáà ni gbogbo wọn. Ẹ wò ó, ó pé ogójì."

Burulcha kò gbà á. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. "Kì í ṣe gbogbo wọn. Àpò kan wà tí mo fi òwú dúdú so."

Zuura rántí òwú dúdú náà. Ó le débi pé àlùmọ́gàjí ló fi gé e.

"Ṣẹ́ẹ̀tì Kubat ni," Burulcha wí. "Aláró, onílà funfun."

Kubat ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Zuura, tí àwòrán rẹ̀ wà lókè ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí yìnyín orí òkè ya bò ó pẹ̀lú àgùntàn tó ń dà. Zuura wo ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀. Aláró onílà tó wà lára rẹ̀ tó méje, kò sì mọ èwo ni ti ta. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ sínú iná, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù kí ọmọ pé ogójì ọjọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè pariwo. Omijé kàn ń bọ́ ni.

"Gbé e wá," ni Burulcha wí. Ó yí inú ẹ̀wù síta, ó ń fi ìka tọ etí àjákù kọ̀ọ̀kan. "Aṣọ àgbà, ọwọ́ la fi ń ya á. Àlùmọ́gàjí kì í kàn án. Òwú á máa tú létí rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ mi, èmi ni mo gé e."

Ìka rẹ̀ ń lọ. Yíya. Yíya. Yíya. Nígbà tó dé àyà ẹ̀wù, ó dúró. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Àánú ṣe Zuura. Ó sọ ohun tí kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: "Màmá, bẹ́ẹ bá fẹ́, kó wà níbẹ̀." Ó sọ ọ́ tán, ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀ kí ìyá má gbà.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ló lò," Burulcha wí. "Ṣé iye tó o fẹ́ fún ọmọ ẹ nìyẹn? Tú u."

Zuura fi abẹ tú u. Burulcha gbà á, ó gbé e símú, ó tì í bọ inú apá ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n da páálí aláró sílẹ̀, ìka ìyá sì rí mẹ́jọ tó kù tí àlùmọ́gàjí gé. Ó so wọ́n sínú àpò kan tí omi ò tíì gbẹ tán lára rẹ̀.

Ihò wá wà láyà ẹ̀wù. Zuura nawọ́ sí páálí funfun.

"Fi ìyẹn sílẹ̀." Burulcha tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó fi eyín já etí gèlè náà, ó sì fà á ya. Zuura kò rí orí rẹ̀ láìní gèlè rí. Irun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Màmá, ẹ ò tíì kú o."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pé àádọ́rin, ó sì ti rẹ̀ mí tó. Rán mi mọ́ ọn báyìí tí mo ṣì wà láyé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín mi, mi ò ní mọ ẹni tó mú mi."

Ó nawọ́ abẹ́rẹ́ sí Zuura, torí ojú rẹ̀ kò lè ki òwú bọ̀ ọ́ mọ́. Zuura gbà á, ó fi itọ́ ra ẹnu òwú. Ìgbà kẹrin ni òwú tó wọlé.