Faṣti, Wá

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò wá."

Èsì tí Àtinúkẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ní ọjọ́ ìkórè ọdún 1984. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú bí iṣu. Ní pálọ̀, Afọlábí ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹdẹ, ń ṣe àlejò ọ̀gá ṣọ́jà kan tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn tíṣà tí ìjọba fẹ́ lé wà. Bíà ti wọ Afọlábí lára. Ó ti ṣèlérí pé ìyàwó òun á jáde wá jó, kí àlejò lè fojú rí arẹwà.

Ìyá Samuel, ẹ̀gbọ́n Afọlábí obìnrin, ló ń jíṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀ lófo.

Ṣọ́jà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tíṣà! Ìyàwó kan ṣoṣo ò gbọ́ tìẹ, igba ọmọ ni yóò wá gbọ́?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lẹ ìwé orúkọ àwọn tíṣà tí wọ́n lé mọ́ ògiri. Orúkọ Afọlábí ló ṣìkejì. Bóyá ó ti wà níbẹ̀ kí ṣọ́jà tó dé Ẹdẹ rárá, ṣùgbọ́n Afọlábí kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà.

Àtinúkẹ́ bí obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọpẹ́yẹmí ní ọjọ́ kẹjọ. Ó ku orúkọ ìsàmì. Tọkọtaya fẹnu kò sí Lìdíà. Nínú ìjọ wọn, ìyá ọmọ kì í sọ̀rọ̀ nídìí omi ìsàmì. Ìyá ìsàmì ló ń gbé ọmọ, òun ló ń pe orúkọ, èyí tó bá sì pè ni àlùfáà ń fi omi sí. Ìyá Samuel ni wọ́n yàn.

"Ẹ sọ ọmọ yìí lórúkọ," ni àlùfáà wí.

"Faṣti."

Faṣti, ayaba tí ọba Ahaswérúsì ránṣẹ́ pè síbi àsè kó wá fi ẹwà rẹ̀ hàn, tó kọ̀, tí wọ́n sì gba adé lórí rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní arẹwà ni orúkọ náà túmọ̀ sí nílẹ̀ Páṣíà. Ní Ẹdẹ, aláìgbọràn ni.

Àlùfáà wo Afọlábí. Afọlábí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí Àtinúkẹ́ tó lanu, omi ti kan orí ọmọ, ìjọ ti ṣe Àmín.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Samuel gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. "Ìyàwó, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Nígbàkígbà tí o bá pè é, wàá rántí ohun tí o fojú àbúrò mi rí."

"Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀ láéláé, mà."

"Nínú ilé ta?" ni Afọlábí béèrè.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àpótí Àtinúkẹ́ ti wà níta.

Ó kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Awo. Ọdún mẹ́ta ló fi ń pe ọmọ rẹ̀ ní Ọpẹ́yẹmí, tí àwọn méjèèjì ń mu gàrí láìsí ṣúgà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Samuel dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì.

"Faṣti, wá!"

Ọmọ náà ń gbẹ́ yanrìn lọ.

"Faṣti! Àbí adití ni?"

Wọ́n gbé e. Àtinúkẹ́ di ẹsẹ̀ ọmọ mú, títí bàbá tó bí i fi já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Fi í sílẹ̀. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni."

Ní Ẹdẹ, Afọlábí gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pàṣán lórí itan. Ó pe ọmọ. Ọmọ ò wá.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Ọpẹ́yẹmí."

Ó nà án. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Àwọn tó ń kọjá ń pariwo, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé-ìwé ti wọlé!"

Ní ọjọ́ kẹta, ó pè é. "Faṣti, wá!"

Ọmọ náà yíjú sí i. Orúkọ náà ti wọ̀ ọ́. Afọlábí rẹ́rìn-ín, ó ju pàṣán sílẹ̀, ó la apá.

"Mi ò wá," ni ọmọ náà wí.

Afọlábí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú pàṣán rẹ̀.