Adájọ́ Tó Ń Kọ́ Ẹkún

Èmi Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mò ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ní ìjọba àwa ẹranko, Erin ló ń jọba, òfin rẹ̀ sì le: ẹni tó bá jí iṣu ọba, ikú ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti fi ìjánu sí òfin náà lẹ́nu. Adájọ́ kò lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni, àfi bí omijé bá bọ́ lójú òun fúnra rẹ̀. Èmi ni mo máa ń jẹ́rìí sí omijé náà. Bí kò bá bọ́, wọ́n á dá onítọ̀hún sílẹ̀.

Wọ́n wá fi Òjòlá jẹ adájọ́. Bí o bá bi í ní ohun tó dára àti ohun tí kò dára, á kà á fún ọ bí ọmọ iléèwé. A yìn ín.

Ebi mú ọmọ Ìyá Ehoro, ó bu iṣu ọba jẹ. Ìgbìmọ̀ pé.

Òjòlá na ọrùn. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ọmọ yìí jalè. Ikú ni."

Erin ní, "Omijé ńkọ́?"

"Kò tíì bọ́."

Ìyá Ehoro kúnlẹ̀. "Bàbá, bí a bá gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò."

"Mo mọ òwe náà," Òjòlá dáhùn. "Mo ti rò ó wò, ìyá. N kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sunkún kí n rí i. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

Kò bínú o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Obìnrin náà sunkún. Òjòlá ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo imú rẹ̀, ó ń fi tirẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ó lọ sódò, ó padà dé, omi ń kán lójú rẹ̀. Gbogbo wa la rí ibi tí omi náà ti wá.

Erin kò wò mí. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé omijé ni?"

Òjòlá ń lọ́ mọ́ ìdí igi tí mo wà lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá Ehoro gbójú sókè sí mi. Mo ní... kí ni mo tún lè ní? Mo ní, "Omijé ni, Kábíyèsí."

Wọ́n mú ọmọ náà lọ. Òjòlá yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Lọ́jọ́ mìíràn, màá mọ̀ ọ́n ṣe jù báyìí lọ."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń sunkún ní ìlú wa. A ò fẹ́ kí Òjòlá tún rí i kọ́. Bí wọ́n bá mú ọmọ ẹni, ẹni á gbé ẹkún mì, á dákẹ́. Àlejò tó bá kọjá á ní ìlú wa tòrò.

Lánàá, ọmọ mi àgbà já bọ́ látorí igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó ń ké. Àbúrò rẹ̀, tí kò tíì rí ẹni tó ń sunkún rí, dúró tì í, ó ń wò ó. Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá," ó ní, "kí ló ń ṣe é?"