Fọ́tò Màámi Kọ̀, Kò Wọlé

Ó tún kọ̀. Ó tún ti kọ̀! Ìwé orí ayélujára burúkú yìí, tí gbogbo ọmọ ìyá mi ń ṣí láti ibi tí wọ́n wà, tí oníkálùkù ń tọwọ́ bọ̀ — ó gba fọ́tò ilé, ó gba ti àga, ó gba ti ajá aládùúgbò tí mo fi dán an wò. Ti Màámi gan-an ni ò gbà. "Irú fáìlì yìí kò ṣe é lò." Irú wo? Ṣé ìyá tó bí mi lò ń pè ní irú fáìlì?

Òǹtẹ̀wé ní bí ìwé ètò ìsìnkú náà ò bá tẹ òun lọ́wọ́ kó tó di ọ̀sán, bó ṣe wà lòun máa tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe wà! Kí wọ́n gbé Màámi sin, kí iwájú ìwé rẹ̀ funfun báláú bí ògiri ilé ìwòsàn...

Àbúrò mi tó ya fọ́tò náà ló fà á. Òun àti fóònù olówó ńlá rẹ̀. Irú fọ́tò tí wọ́n ń pè ní jéípẹ́gì ni fóònù àwa yòókù ń yà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń wọlé. Tirẹ̀, HEIC ló so mọ́ orúkọ fọ́tò nídìí. Mo pa HEIC náà rẹ́. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní kọ̀ǹpútà, mo fọwọ́ ara mi kọ jéípẹ́gì rọ́pò rẹ̀. Ó ṣì kọ̀. Mo pe ọmọ náà, mo bú u — ó ń rẹ́rìn-ín! "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ lẹ yí, ẹ ò yí fọ́tò. Bí ẹ bá pe adìyẹ ní pẹ́pẹ́yẹ, ṣé á lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Ẹnu ẹ̀ ò mọ ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré.

"Ẹ ṣí i lórí fóònù yín, kí ẹ ya ojú fóònù náà, èyí tẹ́ ẹ bá yà ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ó parí." Mo gbọ́ o. Mo gbọ́, mo sì tún ń... kí ló dé tí mo tún ń tẹ èyí tó ti kọ̀?

Ó kúkú ṣí lórí fóònù mi, kedere. Màámi ń rẹ́rìn-ín, eyín ò sí, ẹnu ṣí gbayawu — Màámi tó máa ń fọwọ́ bo ẹnu bí mo bá ti gbé fóònù sókè! "Gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi." Èmi tí mò ń gbé e relé ìwòsàn. Èmi tí mò ń fọ aṣọ tó tọ̀ sí. Èmi! Ta wá ni Màámi ń wò báyìí tójú rẹ̀ fi tàn tó yìí?

Ẹni tó gbé fóònù dání ni.

Òǹtẹ̀wé ń pè. Kó máa pè. Ẹ̀rọ yìí — rárá, fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Àtàárọ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà tí fọ́tò yìí lè gbà wọlé.

Èmi ni mi ò fẹ́ kó wọlé.