Ọwọ́ Tó Mọ Omi

Páìpù náà ti rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ọ̀gbẹ́ni Khiêm rọra tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kọ igun.

"Má mí sí i," ó sọ fún Diễm, ọmọ rẹ̀. "Páìpù kì í fẹ́ ariwo."

"Ṣé èmi ni mò ń pariwo? Ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, Bàbá."

Wọ́n ti tú kọ̀ǹpútà Diễm sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọdún méjì ni omi ti ń yí po nínú rẹ̀, tó ń tu ọpọlọ rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n káàdì àwòrán tó ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù, fáànù lásán ló ní. Ooru oṣù kẹrin ní Mỹ Tho, ìlú wọn ní Vietnam, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ fáànù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà ti kú mọ́ Diễm lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, nídìí fíìmù àwọn ọmọdé tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ni wọ́n bá ní àwọn á fa omi náà dé ara káàdì. Bó bá jò sórí rẹ̀ tó ti gbaná, ó parí nìyẹn, kò sì sí òmíràn nílé.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó gbé e lọ bá àwọn ọlọ́wọ́ pípé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú Saigon. Ó kọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ fi so páìpù nílé iṣẹ́ yìnyín tó wà lẹ́bàá odò. Bó bá ti so oríkèé kan tán, á fi ìka yí i ká, á dijú, àfi ìgbà tó bá ní "Ó gbẹ" kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ. Rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ní ara òun ti dá ṣáṣá. Diễm gbà á gbọ́ nítorí ó wù ú láti gbà á gbọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, páìpù ti ti ara ọpọlọ dé káàdì, ó ti ti káàdì dé rédíétọ̀ tó ń mú omi náà tutù. Diễm tẹ́ tíṣù sábẹ́ gbogbo oríkèé, ó bu omi bátìrì sínú páìpù, ó sì fún pọ́ǹpù nìkan níná. Omi ń ṣàn lọ nínú páìpù. Ọ̀gbẹ́ni Khiêm fọwọ́ yí oríkèé ìsàlẹ̀ káàdì ká, ó dijú.

"Ó gbẹ."

Orí Diễm wú. Ó ti mú wáyà káàdì dání kó tó rí tíṣù abẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti rin. Omi ń kán láti ìka bàbá náà, kò sì mọ̀.

A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Diễm pa pọ́ǹpù, ó wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀. "Ó jọ pé òrùka rọ́bà inú oríkèé yẹn ò jókòó dáadáa, Bàbá."

Bàbá rẹ̀ wo tíṣù, ó wo ìka rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" Diễm bi í.

"Láti ọsibítù. Tíì gan-an, ojú ni mo fi ń mọ̀ pé ó gbóná."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ kó o lè gbé e lọ sí Saigon?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Diễm, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Wọ́n da omi náà jáde, wọ́n yọ páìpù. Etí páìpù náà tó mú ló gé òrùka rọ́bà náà. Diễm fi sánpépà yun etí páìpù náà, bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ: "Yí i. Ibẹ̀ yẹn ṣì mú. Ṣé o ò jẹun ni?" Wọ́n fi òrùka tuntun sí i, wọ́n tan pọ́ǹpù padà.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Khiêm kò na ọwọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló mú, ó fi ìka rẹ̀ yí oríkèé náà ká.

"Má wá omi," ó ní. "Òtútù ni kó o wá. Òun ló máa ń ṣáájú omi dé."

Diễm dijú. Ó wá òtútù náà, kò rí i.

"Ó gbẹ."

Bàbá rẹ̀ kò bẹ tíṣù wò rárá. Ó mú wáyà káàdì, ó tì í bọ inú ihò rẹ̀. Ẹ̀rù ba Diễm nígbà náà ju ìgbà tí omi ń jò lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni bàbá rẹ̀ gbà.