Òkúta Abẹ́ Irin ní Kọ́nà

Lẹ́tà tí yóò lé Bàbá Olókùúta kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ti wà lórí tábìlì ọ̀gá ẹnjiníà. Ìfọwọ́sí nìkan ló kù. Ẹ̀sùn rẹ̀? Ojú irin rélùwéè tó ń tọ́jú ní kọ́nà ń rì. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ ńlá wá, á gún òkúta abẹ́ irin mọ́lẹ̀, irin á tẹ́jú; kóṣù tó yí, ó tún ti rì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún kan ṣoṣo.

Èmi ò kàwé iṣẹ́ irin. Bàbá yìí ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ kò bí mi. Mo kanlẹ̀kùn, n kò dúró gba “wọlé”.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ̀rọ yín ni.”

Ọ̀gá wò mí tòkè-tilẹ̀. “Ìwọ Ẹnu-Abẹ, ta ló fi ọ́ ṣe ẹnjiníà?”

“Ojú mi ni, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Bí mo bá parọ́, ẹ kọ lẹ́tà méjì.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé akoto rẹ̀ dérí.

Bàbá ti wà ní kọ́nà. Mo bu òkúta ibẹ̀ sínú ọ̀kan nínú garawa méjì tí mo ti dálu nídìí. Mo bu tibi tí ẹ̀rọ gún lẹ́ẹ̀kan péré sínú èkejì. Mo da omi sí méjèèjì. Èkejì jò tán wàrà. Omi ti kọ́nà kò jò, ó ń wò wá, ó kún fún ẹrẹ̀.

“Igun ara òkúta ló fi ń di ara wọn mú, sà. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá gún un ni igun ń kán, tó ń di ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun pàdé òjò, ó di ẹrẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá! Ta ló tiẹ̀ ń pàṣẹ ẹ̀rọ yẹn?”

Bàbá já mi léèékánná.

“Èmi ni,” ọ̀gá dáhùn. Ó yíjú sí bàbá. “Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń fà á?”

“Mo mọ̀, sà. Ẹnu ni n kò ní.”

“Ẹ gbàgbé lẹ́tà yẹn, bàbá. Ẹ má bínú. Èèyàn mélòó lẹ nílò, ká kó èyí jáde, ká jọ̀ ọ́, ká da tuntun sí i?”

“Méjìlá, sà. Àti ẹlẹ́nu yìí.”

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀gá jà, n kò tíì rí èyí tó sọ pé “èmi ni” rí. Èmi tí n kì í kúnlẹ̀ fẹ́nì kan, orí òkúta ni mo kúnlẹ̀ sí.

“Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á fún yín lẹ́ni tó máa gbọ́ tiyín.”

“Dìde,” ni bàbá wí, ojú rẹ̀ kún fómi, “kó o tó fi orúnkún lọ èyí tó kù kúnná.”